Ẹni Tí Mo Ní Kó Má Mì

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ìwọ tó o wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, sún wọlé díẹ̀, oòrùn ń bẹ lára rẹ. Ṣé fọ́tò méjì tó wà lára ògiri yẹn lẹ ń wò? Mo mọ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọ ilé yìí ló ń wò ó. Wọ́n á yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n á yí i sósì, wọ́n á wá bi mí bóyá òjò ló rọ̀ sí i. Òjò kankan kò rọ̀ sí i. Èmi ni mo ya méjèèjì, ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi yà wọ́n, ó sì lé ní àádọ́ta ọdún tó wà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì. Màá sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má kán mi lójú o. Àgbà tó bá ń rántí nǹkan dà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpótí aṣọ. Yóò kọ́kọ́ tú gbogbo aṣọ síta ná.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, iṣẹ́ fọ́tò kì í ṣe iṣẹ́ kékeré ní Ẹ̀jìgbò yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yọ fóònù lápò, tẹ́ ẹ ń ya ọbẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ kò lè mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò á ti pinnu rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin á dirun, ọkùnrin á gẹrun, wọ́n á gbé aṣọ tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí láti ọdún Iléyá tàbí Kérésì jáde, wọ́n á lọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù mi, màá fi àtíkè pa wọ́n níwájú orí kí òógùn má baà máa dán. Mo ní aago ọwọ́ kan tó ti kú tipẹ́. Kò sí ọkùnrin kan ní àdúgbò wa tí kò fi aago yẹn ya fọ́tò. Bẹ́ ẹ bá lọ sí ilé wọn lónìí, ẹ wo àwọn bàbá wọn lára ògiri: aago kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló sì lù lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Aṣọ ìkélé kan wà lẹ́yìn àga, tí ẹnìkan kun bàálù sí. Ẹni tó kùn ún kò wọ bàálù rí, bàálù náà sì jọ ẹja. Kò burú. Ẹni tó bá ti dúró níwájú rẹ̀ ti dé Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá sì ti lọ, tí ìyá gbé èyí tó kù wá, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń ya ọmọ náà, a ó wá fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Ìyá á gbà á, á wò ó pẹ́, á fi gèlè wé e, á máa lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un pé ọmọ kan náà ni. Ibi tí fọ́tò níyì dé nìyẹn.

Iṣẹ́ náà nílé-lóko, ọ̀rọ̀ méjì péré ló dúró lé: "Má mì!" Àbíján ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí òun náà jẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tí ọmọ Ẹ̀jìgbò kò bá sí lóko, Àbíján ló wà. Ọ̀gá mi a máa sọ pé fọ́tò tó bá ti mì, àwo tó fọ́ ni, kò sí ẹni tó máa bá ọ rà á. Bí a bá ya ìyàwó tuntun, tí ojú rẹ̀ wá di méjì nítorí pé ọwọ́ wa gbọ̀n, ọ̀gá á fi okùn so fọ́tò náà kọ́ wa lọ́rùn, a ó sì fi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo oníbàárà. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń di èémí mú. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìhà kí apá lè dúró. Nígbà tí mo fi máa gba fìríìdọ́ọ̀mù, eṣinṣin lè bà sí mi nímú kí kámẹ́rà má sún rárá. Mo fi ń yangàn, n kò ní purọ́ fún yín.

Ìró iṣẹ́ náà ṣì wà létí mi. Kámẹ́rà mi kì í dún lẹ́ẹ̀kan: bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á ní "kẹ́", ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ ti là; tó bá yá, á ní "ṣáà", ìyẹn ni pé ó ti dijú. Nínú yàrá òkùnkùn, omi á máa kán sínú bàsíà, èmi á máa ka oókan, èjì, ẹ̀ta lábẹ́ iná pupa, ojú èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ lórí pépà funfun. Ẹyinjú ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Mo ya èèyàn títí irun mi fi funfun, kò sí ìgbà kan tí ẹyinjú yẹn yọ tí n kò rẹ́rìn-ín. Fóònù yín kò lè fún yín ní ìyẹn. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀ ti jáde.

Àbíján yẹn náà ni èmi àti Mùsílíù ti di ọ̀rẹ́. Alájì Mùsílíù tẹ́ ẹ máa ń rí níbí lọ́jọ́ Jímọ̀, tó máa ń fún yín ní búrẹ́dì gígùn, òun ni mò ń wí. Ọmọ Másífà ni, ìlú tó wà nítòsí wa. Oṣù mẹ́fà ló fi jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Inú yàrá kan náà la jọ ń sùn. Èmi á máa ka Bíbélì ní igun kan, òun á máa kírun ní igun kejì, ẹni tó bá kọ́kọ́ parí ni yóò dáná. Aṣọ ló ń tà, ó sì ti bí ọmọ mẹ́ta síbẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ padà wálé. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, ó sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Ó di àpò mi mú, kò jẹ́ kí n wọlé.

Ó ní, "Àwọn ọmọ mi ò mọ Ìyá mi. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ Ìyá fún wọn, ńṣe ni wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń pàlọ́. Tó o bá délé, bá mi ya Màmá. Ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ojú Màmá ṣáà hàn dáadáa."

Mo ní, "Èyí náà lò ń bẹ̀ mí fún? Kà á sí pé ó ti ṣe."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo délé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ wọlé, ó tó oṣù mélòó kan kí n tó ráyè lọ sí Másífà. Ìkómọ ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, fíìmù inú kámẹ́rà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹyọ kan ló ṣẹ́kù. Mo ní ẹyọ kan ti tó fún ẹni tó mọṣẹ́. Lọ́rí onípákó ni mo wọ̀, àwa àti ewúrẹ́ pẹ̀lú agbọ̀n ata. Lọ́rí sọ̀ mí, ó lọ, eruku rẹ̀ lọ tán kí n tó rántí pé ẹsẹ̀ kámẹ́rà mi ti bá a lọ, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a máa ń gbé kámẹ́rà lé kó má baà mì. Ẹlòmíràn á padà sílé. Èmi rẹ́rìn-ín ni. Mo ní ọwọ́ mi yìí, irin ni.

Ìyá Mùsílíù kúrú, wọ́n dúdú, wọ́n sì lẹ́nu àdúrà. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń ṣẹ́ nígbà tí mo wọlé. Wọ́n ró aṣọ òfì aláró tó ní ìlà funfun, wọ́n fi ìborùn funfun bo orí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, inú wọn dùn débi pé wọ́n da ẹ̀gúsí nù. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, Màmá."

"Ṣé ó sanra?"

"Ó sanra."

"Ìwọ náà, ṣé o rí i pé ó ń jẹun?"

Ìta ti ṣú, òjò fẹ́ rọ̀, wọ́n sì ní àwọn kò ní jókòó síta kí gbogbo Másífà wá máa wo àwọn bí ẹran Iléyá. Inú ọ̀ọ̀dẹ̀ la wà, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Nínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀, ojú kámẹ́rà ní láti là sílẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó lè ríran, yóò tó ìgbà tí èèyàn lè fi pe orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Bí ohunkóhun bá mì láàárín ìgbà náà, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Mo ní, "Màmá, ẹ má mì o. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má sì ṣẹ́jú."

Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ sọ mí di òkúta ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n sì dúró. Ẹ̀yin ọmọ, n kò tíì rí ẹni tó dúró bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọlọ́pàá tí mo yà, wọn kò dúró tó bẹ́ẹ̀. Mo di èémí mú, mo ti ìgbọ̀nwọ́ mọ́hà, mo tẹ kámẹ́rà.

Ó ní "kẹ́". Kó tó ní "ṣáà", Ìyá Mùsílíù la ẹnu. Wọn kò mì o. Ètè nìkan ni wọ́n là, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ á gbó. Ẹni tí o bá yà kò ní parẹ́."

Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ń ṣe tí àgbà bá ń ṣàdúrà fún un? Ẹsẹ̀ mi kò bi mí, ìbàdí mi kò gba àṣẹ. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà nílẹ̀, tèmi ti kámẹ́rà, mò ń ní, "Àmín o, Màmá! Àmín! Ẹ ó jèrè ọmọ!" Ilẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ "ṣáà".

Ẹni tí mo ní kó má mì kò mì. Èmi tí mo rin ìrìn àjò lọ sí Àbíján lọ kọ́ àìmì, èmi ni mo mì.

N kò lè sọ fún wọn. Mo ní ó ti parí, wọ́n di ẹ̀gúsí fún mi, mo dúpẹ́. Mo ti pinnu pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá fi fíìmù tuntun padà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo wọ yàrá òkùnkùn, mo ń ka oókan, èjì, ẹ̀ta, mo ń retí ẹyinjú. Kò sí ẹyinjú tó yọ. Ìlà ló yọ, dúdú àti funfun, gbọọrọ gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹ ṣe rí i yẹn. Lókè pátápátá, funfun kan wà tó lè jẹ́ ìborùn. N kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Òjò wá mú ọ̀nà. Lọ́rí ń rì, ọ̀sẹ̀ kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkùnrin kan láti Másífà yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní Ìyá Mùsílíù ti lọ bá Ọlọ́run láàárọ̀ àná, wọ́n sì ti sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Ní ìjọ tiwa, wọn ì bá ti pè mí wá ya òkú lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dọ̀ wọn, kò sí ìyẹn. Mo jókòó sórí àga tí mo ń ya èèyàn lé, mo sunkún bí ẹni tó ni òkú náà.

Mo kọ létà sí Mùsílíù, mo fi rán ẹni tó ń lọ sí Àbíján. Mo ní mo ya Màmá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ráàyè wọ inú fíìmù, ó jó gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tó kù. Irọ́ gbuu. Ojú ló tì mí. Fọ́tògíráfà wo ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mì? Ohun kejì tún wà níbẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni: wọ́n ní ẹni tí mo bá yà kò ní parẹ́, àwọn gan-an ni wọ́n wá parẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. N kò lè fi fọ́tò náà hàn, n kò sì lè fà á ya. Mo fi í sísàlẹ̀ àpótí páànù, mo kó àwọn nẹ́gẹ́tíìfù lé e lórí. Mùsílíù fèsì pé kádàrá ni, kí n má ronú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ọdún ń gorí ọdún. Mùsílíù di Alájì, arúgbó dé, ó kó wálé, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tèmi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó bá ti kírun tán, á gbé búrẹ́dì rẹ̀ wá, a ó jọ jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ yìí. A máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa gan-an. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ohùn Ìyá mi ṣì wà létí mi o. Ojú wọn ló ń sá mọ́ mi lọ́wọ́. N kò rántí imú wọn mọ́." Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni màá máa wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn títí Tọ́pẹ́ fi dé. Ọmọ ọmọ mi ni, ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló gún iyán tẹ́ ẹ jẹ. Ó wá sílé fún ọdún Ògìyán, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ kò kú. Ẹ mọ bí ọjọ́ àtòrì ṣe máa ń rí, tí àwọn ọ̀dọ́ á máa na ara wọn ní pàṣán, tí ariwo á gba ìlú. Láyé tèmi, tí mo bá fẹ́ ya wọ́n, màá ní kí wọ́n dúró ná. Mo ní fọ́tò àwọn géńdé tó gbé àtòrì sókè tí wọ́n dúró gbagidi, tí wọ́n ń wo kámẹ́rà bí ẹni tó ń gba ìwé ẹ̀rí. Kò sí èyí tí ẹgba bà nínú wọn.

Tọ́pẹ́ kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ó dé, ó fi tirẹ̀ hàn mí, n kò rí ojú, n kò rí ẹsẹ̀. Ìlà ni gbogbo rẹ̀, pupa ń gba inú funfun kọjá.

Mo ní, "Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Wọ́n mà mì."

Ó ní, "Mo mọ̀ọ́mọ̀ mì wọ́n ni, Bàbá. Kámẹ́rà ni mò ń jù bí wọ́n ṣe ń ju àtòrì."

Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀gá mi gbọ́ níbi tó wà. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi ọkọ̀ gbé mi jáde lọ́nà Ìsùndunrin, níbi tí àwọn igi tíìkì tò sí. Ó ní òun á jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là pẹ́ díẹ̀, kí n kàn gbé e láti ìdí igi lọ sí orí, láìdúró. Mo ní n kò ṣe. Ó ní kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ mi kọ̀ jálẹ̀, ó dúró gírígírí, igi jáde bí igi.

"Bàbá, ẹ ò mì!"

"Ìyá rẹ ni kò mì! Ṣé o mọ iye ọdún tí mo fi kọ́ bí mi ò ṣe ní mì?"

Ìgbà kẹfà tàbí ìkeje ló bọ́ sí i. Igi kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n gíga igi wà níbẹ̀, àti oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó há sí àárín wọn. Mo wò ó pẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ìbàdí ń ro mí.

Nígbà tí a délé, ó ní òun fẹ́ rí àwọn kámẹ́rà mi àtijọ́. Mo ní wọ́n wà nínú àpótí páànù, kó lọ wò wọ́n. Iná ọbẹ̀ ni mò ń kó nígbà tí mo gbọ́ igbe rẹ̀. Ó sáré jáde, fọ́tò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ta ló kọ́ yín? Gbogbo ìgbà yìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Mo jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Nígbà tí mo parí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, "Bàbá, ẹ fún Bàbá Alájì."

"Kó ba ọ̀rẹ́ wa jẹ́ lójú ogbó?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ojú Màmá ń sá mọ́ wọn lọ́wọ́."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Jímọ̀ dé, Alájì wọlé, ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀. N kò jẹ́ kó jókòó dáadáa kí n tó na fọ́tò náà sí i, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá dúró, n kò ní lè ṣe é.

Ó ní, "Kí lèyí?"

Mo ní, "Ìyá rẹ ni."

Ó wo fọ́tò, ó wò mí. Mo sọ fún un bí wọ́n ṣe ṣàdúrà, bí mo ṣe lọ sílẹ̀. Eṣinṣin bà sórí búrẹ́dì, kò lé e.

"O ní ìmọ́lẹ̀ jó o."

"Mo purọ́."

Ó dé fìlà rẹ̀. Ó fi fọ́tò náà sínú àpò jálábíà, ó sì jáde láìdágbére. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, kò wá. Tọ́pẹ́ ń gbé oúnjẹ síwájú mi, mò ń wò ó. Mo ti ń sọ fún ara mi pé òtítọ́ ti gba ọ̀rẹ́ mi lọ, àti pé ó tọ́ sí mi.

Jímọ̀ kẹta, mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Búrẹ́dì wà lábíyá rẹ̀. Kò kí mi. Ó ní, "Tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Má fi kún un."

Mo ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ á gbó. Ẹni tí o bá yà kò ní parẹ́."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Àwọn náà nìyẹn! Wọn ò lè rí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Tó bá jẹ́ pé o yà wọ́n níbi tí wọ́n ti panu mọ́, ẹlòmíràn lo yà." Ó wá jókòó, ó yọ fọ́tò náà lápò, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Mo fi fóònù yà á ránṣẹ́ sáwọn ọmọ mi lÁbíján. Wọ́n ní ojú Màmá dà? Mo ní, nígbà tí Màmá bá ń ṣàdúrà, ta ló ń wojú wọn? Ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Bí mo ṣe máa ń rí wọn nìyí: aṣọ wọn tó ń kọjá lójú mi bí mo ṣe ń lọ sílẹ̀. Wàlá, bí wọ́n ṣe ń wí lÁbíján! Òun náà nìyí."

Mo ní kó dárí jì mí.

Ó ní, "Fọ́tò, mo ti dárí rẹ̀ jì ọ́. Irọ́ inú létà ló kù. Ìyẹn, màá máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀." Ó gé búrẹ́dì fún mi, mo jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta.

Bó ṣe jẹun tán, ó fa àpótí ìjókòó sábẹ́ ògiri yẹn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ó ní, "Tọ́pẹ́, bá bàbá rẹ tún kámẹ́rà ṣe. Èmi náà fẹ́ ya fọ́tò."

Tọ́pẹ́ tún tirẹ̀ ṣe kí ojú rẹ̀ lè là pẹ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ti mọ ohun tí Alájì ní lọ́kàn. Mo sọ fún ara mi pé lónìí, n kò ní mì. Oṣù mẹ́fà péré ló fi jù mí lọ, ìbàdí mi ti gan, kí ló máa gbé mi dé ilẹ̀? Mo ti ìgbọ̀nwọ́ mọ́hà, mo di èémí mú. Mo ní, "Alájì, má mì o."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó la ẹnu, ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ á gbó." Ẹ̀yin ọmọ, ohùn rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ohùn Másífà ni, láti ìdí ẹ̀gúsí. Mo gbọ́ tí Tọ́pẹ́ ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ rọra!" nígbà tí orúnkún mi ti kan ilẹ̀.

Èyí tó wà lápá òsì ni Ìyá. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ni ọmọ wọn. Ẹ má tún bi mí bóyá òjò ló rọ̀ sí wọn. Àmín tí mo ṣe lẹ ń wò yẹn.